Ṣé Ó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Tètè Gboyè Jáde? Ìtàn Ọdún Mẹ́rin ní Yunifásítì

Ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń gbé wá sí ọ́fíìsì àwa olùkọ́ nígbà tí ó bá tó àkókò láti yan kíláàsì fún ọdún tó ń bọ̀. Ìbéèrè náà kò gùn: "Mo lè parí ẹ̀kọ́ mi ní ọdún mẹ́ta. Ṣé kí n jáde, àbí kí n dúró di ọdún kẹrin?" Owó ilé-ìwé ló ń lé àwọn kan. Àwọn kan ti rí iṣẹ́ tí kò ní dúró dè wọ́n. Ní ti àwọn mìíràn, bàbá tàbí ìyá wọn ló sọ pé kí wọ́n ṣe kíá, torí pé àbúrò wà lẹ́yìn tí yóò wọ yunifásítì.

Olùkọ́ èdè ni mí, iṣẹ́ mi kì í ṣe ti báǹkì àti gbèsè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí ní ìtàn, ìtàn náà sì lè ràn yín lọ́wọ́ ju kí n kàn dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lọ. Àwọn Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣe bí àgbà lónìí, ká wo ẹ̀yìn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọdún mẹ́rin gba oyè àkọ́kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ti fa ọdún yìí gùn rí, wọ́n sì ti gé e kúrú rí. Bí ẹ bá ń ka ìtàn náà, ohun méjì ni kí ẹ máa ṣọ́: ta ló ń kánjú, kí sì ni wọ́n ń gé kúrò nígbà tí wọ́n bá ń gé ọdún?

Níbo ni ọdún mẹ́rin ti wá?

Ní 1636 ni wọ́n dá Harvard sílẹ̀ ní ibi tí à ń pè ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lónìí. Òun ni yunifásítì tó dàgbà jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò níbẹ̀ kó tó gba oyè àkọ́kọ́. Henry Dunster, tó di olórí ilé-ìwé náà ní 1640, ló sọ ọ́ di ọdún mẹ́rin ní àwọn ọdún 1650. Ṣé ẹ rò pé inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dùn sí i? Rárá o. Inú bí wọn, àwọn kan sì kó ẹrù wọn, wọ́n fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìgba oyè. Ẹ ò rí i pé àríyànjiyàn lórí ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ti lé ní 350 ọdún.

Àwọn tó ń kà wá láti Britain náà mọ̀ pé ní England, ọdún mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba oyè àkọ́kọ́, nígbà tó jẹ́ pé ní Scotland, ọdún mẹ́rin ni. Ilẹ̀ méjèèjì múlé ti ara wọn, síbẹ̀ iye ọdún wọn kò dọ́gba. Kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé àwọn tó jáde ní England kò kàwé.

Nígbà tí Charles Eliot di olórí Harvard ní 1869, ó yí nǹkan padà. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ló jẹ́ dandan fún akẹ́kọ̀ọ́, bí èdè Látìn, èdè Gíríìkì àti ìṣirò. Eliot fi àyè sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa yan ẹ̀kọ́ tó bá wù ú. Ẹ kíyè sí ohun tó tẹ̀lé e. Bí oyè bá ti di iye kíláàsì tí èèyàn kà, ẹni tó bá lè ka kíláàsì púpọ̀ lọ́dún kan yóò tètè parí. Eliot fúnra rẹ̀ fara mọ́ ọdún mẹ́ta. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin àti ìṣègùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oyè àkọ́kọ́ kí wọ́n tó gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Bí èèyàn bá lo ọdún mẹ́rin lórí oyè àkọ́kọ́, tó tún lo mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí òfin tàbí ìṣègùn, ó ti ń dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó ara rẹ̀ ná.

Franklin Roosevelt, tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1933, wọ Harvard ní 1900. Nígbà tó fi máa di 1903, ó ti ka gbogbo ohun tó yẹ kó kà fún oyè. Ọdún mẹ́ta ló fi parí. Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró fún ọdún kan sí i torí pé ó fẹ́ ṣe olórí ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Crimson. Òótọ́ ni pé ọmọ olówó ni, gbèsè kò lè lé e jáde. Síbẹ̀, ó kọ́ wa ní nǹkan kan: kí èèyàn parí ẹ̀kọ́ àti kí èèyàn kúrò nílé-ìwé, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ní 1909, Lawrence Lowell gba ipò lọ́wọ́ Eliot. Lójú Lowell, akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ẹni tó ń kó kíláàsì jọ bí ẹni ń ṣa èso lábẹ́ igi. Ó ṣètò pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ohun kan jinlẹ̀, kó sì mọ díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ètò yìí, tí ẹ̀yin náà mọ̀ dáadáa torí pé ó wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì títí dòní, kò fẹ́ràn ìkánjú.

Ta ló ń ka ọdún yín?

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ ọmọ olówó. William Du Bois jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1885 ló wọ Fisk University ní ìlú Nashville, ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú àti àwọn ọmọ wọn. Torí pé ó ti mọ̀wé dáadáa kó tó dé, ọdún kejì ni wọ́n fi í sí. Ó gboyè jáde ní 1888. Ọdún mẹ́ta péré!

Ó wá forí lé Harvard. Ṣùgbọ́n Harvard kò ka oyè Fisk sí oyè tó kún. Wọ́n ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kẹta. Ó tún fi ọdún méjì kàwé kí wọ́n tó fún un ní oyè àkọ́kọ́ mìíràn ní 1890. Nígbà tó di 1895, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Harvard fún ní oyè náà. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Du Bois lọ́ra. Àmọ́ ọdún tó jèrè ní Nashville, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ló bọ́ sí.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń ka ọdún yín. Ilé-ìwé tí ẹ ń lọ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ náà ń kà á, ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ náà ń kà á. Kí ẹ tó jáde ní ọdún mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ bi ibi tí ẹ ń lọ bóyá wọn yóò gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ogun ń lé wọn

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 1942, ìjọba fa ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n lè mú wọ iṣẹ́ ológun wálẹ̀ láti ogún ọdún sí ọdún méjìdínlógún. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yunifásítì. Ọmọkùnrin tó wà ní ọdún kìíní lè gba ìwé ìpè nígbàkigbà. Àwọn yunifásítì bá pa ìsinmi ìgbà ooru tì, wọ́n ń kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sinmi lè parí láàárín ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ètò tí iléeṣẹ́ ológun ojú omi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1943, tí wọ́n ń pè ní V-12, pín ọdún sí sáà mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún sì ni sáà kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, ìjọba ló ń kánjú. Ó nílò ọ̀gá ológun, ó nílò dókítà, ó nílò ẹnjiníà.

Àwọn ilé-ìwé kan tún gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n gba àwọn ọmọ kéékèèké wọlé. Morehouse College ní ìlú Atlanta jẹ́ ilé-ìwé fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí ogun kó púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ, ó gbà pé kí àwọn ọmọ tí kò tíì parí ilé-ìwé girama ṣe ìdánwò kí wọ́n sì wọlé. Báyìí ni Martin Luther King kékeré ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ Morehouse ní 1944, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi King ṣe àpẹẹrẹ ẹni tó tètè jáde. Ẹ wò ó dáadáa. King tètè wọlé ni, kò tètè jáde. Ọdún mẹ́rin gbáko ló lò, láti 1944 sí 1948. Iṣẹ́ dókítà tàbí ti lọ́yà ló ń rò níbẹ̀rẹ̀. Benjamin Mays, tó jẹ́ olórí Morehouse nígbà náà, ní ipa ńlá lórí rẹ̀, nígbà tó sì fi máa parí, ó ti yan iṣẹ́ ìwàásù. Bí wọ́n bá ti lé e jáde ní ọdún kejì ààbọ̀, ta ló mọ iṣẹ́ tí ì bá wà lọ́kàn rẹ̀? Mi ò lè sọ ọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílò àyè láti yí ọkàn padà, ó sì rí àyè náà.

Nígbà tí ogun parí, ìkánjú náà rọlẹ̀. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1944 fún àwọn ọmọ ogun tó bá padà bọ̀ san owó ilé-ìwé fún wọn, ó sì lé ní mílíọ̀nù méjì nínú wọn tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti níyàwó, wọ́n ti bímọ, kò wù wọ́n kí wọ́n pẹ́. Síbẹ̀, ọdún mẹ́rin padà sórí àlééfà. Ní University of Chicago, Robert Hutchins ti ṣètò láti 1942 pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ọdún méjì péré nílé-ìwé girama lè wọlé, kó sì gba oyè àkọ́kọ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbà á níbòmíràn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, wọ́n ti pa ètò náà tì. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé àwọn yunifásítì mìíràn kò fẹ́ ka oyè Chicago yẹn sí oyè tó kún. Ẹ ò rántí Du Bois?

Ní 1956 ni àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kọ́kọ́ ṣe ìdánwò AP tí gbogbo yín mọ̀, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú yín lè parí ní ọdún mẹ́ta. Lọ́dún kan lẹ́yìn èyí, Soviet Union ran Sputnik lọ sí ojú òfúrufú, ẹ̀rù sì ba Amẹ́ríkà. Ní 1958, ìjọba ṣe òfin tó fi owó sínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti èdè ilẹ̀ òkèèrè. Owó yẹn wà lára ohun tó la ọ̀nà fún èdè Áfíríkà, títí kan Yorùbá, láti wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: nígbà tí ìjọba ń kánjú lórí ohun gbogbo, nígbà tó dórí èdè, ṣe ló san owó kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè dúró kọ́ ọ pẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ẹnì kankan kò lè fi ìkánjú gbọ́ èdè.

Nílé wa ńkọ́?

Ẹ má rò pé ìbéèrè Amẹ́ríkà nìkan lèyí. Ní Nàìjíríà, ìjọba òyìnbó ṣí Yaba Higher College ní 1934. Èèyàn lè lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ láìgba oyè yunifásítì. Ìwé ẹ̀rí tó jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ń fún wọn. Èyí bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú, ó sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú wọn sílẹ̀ lọ́dún náà. Ní 1948 ni University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, tó ń fúnni ní oyè University of London títí di 1962 tó dá dúró.

Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò lọ sí èyíkéyìí nínú àwọn ilé-ìwé yìí. Ó ń ṣòwò, ó ń tọ́ ọmọ, ó sì ń fúnra rẹ̀ kàwé. Báyìí ló ṣe gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní 1944 láti University of London láìfi ẹsẹ̀ tẹ London. Lọ́dún yẹn kan náà ló wá lọ sí London láti kọ́ òfin. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni. Ìyàwó àtọmọ wà nílé tó ń dúró dè é. Ní oṣù Kọkànlá 1946, ó ti di lọ́yà. Awólọ́wọ̀ kánjú, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kàwé lábẹ́ fìtílà kó tó wọlé, ohun tó ti mọ̀ ló mú un yára.

Nígbà tó yá, ẹni tó bá gba HSC lẹ́yìn ìwé girama ń lo ọdún mẹ́ta ní yunifásítì. Ètò 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ló sọ ọdún mẹ́rin di ti gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n mẹ́rin orí ìwé kọ́ ni mẹ́rin ojú ayé. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́sàn-án ní 2020, ó tún gba oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ẹni tó wọlé ní 2019 fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin bá méjèèjì pàdé. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó wà nílé kì í béèrè pé ṣé kí òun tètè jáde. Ohun tó ń béèrè ni pé ìgbà wo lòun máa jáde.

Nítorí náà, bí àwọn òbí yín bá ń sọ fún yín pé "ẹ ṣe kíá, ẹ jáde", ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àwọn kan nínú wọn ti rí bí ọdún mẹ́rin ṣe di mẹ́fà lójú wọn. Lójú wọn, ẹni tí ilẹ̀kùn bá ṣí fún kò gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí ọmọ iṣẹ́ mọ̀

Àwa Yorùbá ti ní èrò tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí kí yunifásítì tó dé. Ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì. Àwọn ẹbí rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ yóò jókòó, wọ́n á fi ẹnu kò sórí iye ọdún. Ẹni tó bá lówó láti san lè lo ọdún díẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, yóò fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dí i, yóò sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé owó ti ń ra àkókò láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Nígbà tí ọdún bá pé, wọ́n á ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. Ọ̀gá á gbàdúrà, á fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọn á ya fọ́tò, wọn á sì mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ máa ń dúró díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ ọ̀gá lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ tó kù fún un láti mọ̀ kì í ṣe rírán aṣọ. Ó ń wo bí ọ̀gá ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń dá iye owó lé aṣọ, bí ó ṣe ń pẹ̀tù sí ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá a mu. Èyí kò sí nínú àdéhùn. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Síbẹ̀, òun ló ń mú kí ṣọ́ọ̀bù èèyàn dúró.

Kí ni wọ́n ń gé kúrò?

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sí òní. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, 120 kírẹ́díìtì ni èèyàn gbọ́dọ̀ ní, èyí tó jẹ́ 30 lọ́dún fún ọdún mẹ́rin. Ní 2023, àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yunifásítì ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà gbà kí Brigham Young University–Idaho máa fúnni ní oyè àkọ́kọ́ pẹ̀lú nǹkan bí 90 kírẹ́díìtì nínú àwọn ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ilé-ìwé mìíràn ti ń tẹ̀lé e. Kí ni wọ́n yọ kúrò kí 120 tó di 90? Wọn kò yọ ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti iṣẹ́ gan-an. Kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ìfẹ́ ara rẹ̀ yàn ni wọ́n yọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ibẹ̀ yẹn ni Yorùbá wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú yín. Ẹni tó ń kọ́ ìṣirò owó tàbí bàòlọ́jì kò nílò Yorùbá láti gboyè. Ọdún méjì péré ni ilé-ìwé ń béèrè fún èdè, ibòmíràn kò tilẹ̀ béèrè. Bí ẹ bá ge ọdún kan kúrò, ohun tí ẹ ń gé kì í ṣe ìdámẹ́rin gbogbo nǹkan. Yorùbá ọdún kẹta àti ìkẹrin lẹ ń gé.

Kí ló wà níbẹ̀? Ní ọdún kìíní, a ń kọ́ bí a ṣe ń kíni àti bí a ṣe ń ra iṣu. Ní ọdún kejì, ẹ ti lè ka ìtàn kúkúrú, ẹ sì ti mọ̀ pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọkọ. Ọdún kẹta ni a máa ń ṣí ìwé Fágúnwà, tí a ń gbọ́ ìjálá, tí òwe bẹ̀rẹ̀ sí í dá yín lẹ́rìn-ín láìjẹ́ pé olùkọ́ túmọ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ tó lè bá ìyá yín àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù ju "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé àlàáfíà ni?" lọ. Ẹ lè bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe pàdé bàbá àgbà, kí ẹ sì gbọ́ ìdáhùn. Iṣẹ́ máa ń dúró de èèyàn nígbà mìíràn. Àgbà kì í dúró.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Mo ti sọ pé olùkọ́ èdè ni mí, ẹ lè sọ pé ọjà mi ni mò ń polówó. Òótọ́ ni. Nítorí náà, n óò sọ ọ̀rọ̀ mi ní gbangba kí ẹ lè wọ̀n ọ́n wò.

Bó bá jẹ́ pé gbèsè ni ọdún kẹrin yóò kó sí yín lọ́rùn, tí kò sì sí ìrànlọ́wọ́ níbìkan, ẹ jáde. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Awólọ́wọ̀ kánjú torí ilé rẹ̀, ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn rántí pé owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò nílé-ìwé ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ẹni tó bá tètè jáde ni yóò tètè bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè. Ẹ rí i dájú pé iṣẹ́ wà kí ọjọ́ náà tó pé.

Bó bá jẹ́ pé àbúrò ló wà lẹ́yìn, ẹ bá àwọn òbí yín jókòó, kí ẹ jọ ṣírò owó náà lórí ìwé. Mo ti rí ẹbí tó rò pé ọdún kẹrin kò ṣeé ṣe, tó jẹ́ pé sáà kan péré ni wọn kò lè san. Nígbà mìíràn, kí akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní àárín ọdún kẹrin ti tó.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìdí kan ṣoṣo tí ẹ fi fẹ́ lọ ni pé kírẹ́díìtì ti pé, ẹ dúró, ẹ ronú. Iye kírẹ́díìtì ń sọ fún yín pé ẹ lè lọ; kò sọ fún yín pé ẹ ti mọ ohun tí ẹ wá kọ́. Ta ló ń lé yín? Roosevelt ti parí, ó dúró torí pé ohun kan wà tó fẹ́ ṣe. Bí ẹ bá ní irú ohun bẹ́ẹ̀, ẹ dúró ṣe é. Bí ẹ kò bá ní in, tí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ máa lọ.

Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ láìgé Yorùbá kúrò, ọ̀nà wà. Ẹ gbé e síwájú: ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní sáà kìíní ọdún kìíní, kí ó lè tó ọdún mẹ́ta kí ẹ tó jáde. Ẹ fi ìgbà ooru kan lọ sí Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ bí owó bá wà. Tàbí kí ẹ fi owó ọdún tí ẹ fi pamọ́ ra àkókò fún ara yín lẹ́yìn oyè. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Akólòlò náà kò ní pè é bí ó bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún ìtẹ̀jáde wa tó ń bọ̀. Ẹ bi àgbàlagbà mẹ́ta nínú ẹbí yín léèrè pé ọdún mélòó ni wọ́n lò kí wọ́n tó gba oyè tàbí kí wọ́n tó gba fírídọ̀ọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, kí ni wọ́n fi ọdún náà ṣe, ta ló sì san owó rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní Yorùbá. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ mú un wá sí kíláàsì, ká jọ kà á.